Èmi Ni Mo Ba Ìtẹ́ Ẹlẹ́nu-bàtà Jẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọdé lọ sí ilé kejì, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yẹ kí àwọn òbí wọn kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n tó pinnu bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kò fi bò. Èmi náà kò ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín mọ́. Irọ́ kan wà nínú ilé yìí tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òun àti ọmọ mi ọkùnrin tó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Mo bọ́ àwọn méjèèjì, mo sì tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà.

Ìyàwó, ìwọ aya ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yìí tí wọ́n ń tukọ̀ ní èbúté, ẹlẹ́rìí ni mo pè wọ́n wá ṣe. Lánàá, nígbà tí o ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn mi, o dá ọwọ́ dúró, o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi dárí ji bàbá mi. Mo mọ̀ pé ohun tó ṣe sí ẹyẹ yẹn dùn yín wọra, torí ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí. Mi ò fẹ́ kí ìbínú rẹ̀ kù sí yín nínú." Mo ní kí o jẹ́ kí n sùn. O bò mí láṣọ, o rò pé inú ló ń bí mi. Ìyàwó, mi ò sùn. Mo dojú kọ ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń gbọ́ ọ bí o ṣe ń rìn nínú ilé.

Bàbá rẹ kò pa ẹyẹ kankan. Èmi ni mo ba ìtẹ́ Ẹlẹ́nu-bàtà jẹ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀sùn náà kọ́ bàbá rẹ lọ́rùn, mo sì dúró níwájú rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀, mo purọ́ mọ́ ọn. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í mọ síbẹ̀, á rọrùn fún mi jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń pè ní bàbá.

Kí àwọn àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ẹyẹ, iṣẹ́ koríko ni mo ń ṣe. Mo ń gé koríko odò, mo ń sá a, mo ń dì í, mo sì ń gbé e fún àwọn tó ń hun ẹní. Bàbá rẹ ń pẹja. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, torí pé kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í ṣe é bí ẹni tí ọmọ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ kì í mì. Bó bá ń sọ̀rọ̀, wàá sún mọ́ ọn láìmọ̀. A máa ń jáde ní àfẹ̀mọ́jú pọ̀, ọkọ̀ mi níwájú, tirẹ̀ lẹ́yìn, títí a ó fi dé ibi tí ọ̀nà omi ti pínyà. Òun ni ọ̀rẹ́ mi. Mi ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn, mi ò sì tún ní irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Òun ló fi Ẹlẹ́nu-bàtà hàn mí. Mo mọ̀ pé o kò dé etí àbàtà rí, ìyàwó. Gbogbo ọdún tí o ti wà nínú ilé yìí, bí àwọn ọmọ bá ní kí o bá àwọn lọ wo ẹyẹ, wàá ní aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ bí ẹyẹ náà ṣe rí fún ọ, kí o mọ ohun tí bàbá rẹ fẹ́ràn.

Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí òjò pa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọmọ-ìka rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè dúró lórí koríko tó ń léfòó láìrì. Irun kékeré kan dúró ṣánṣán lẹ́yìn orí rẹ̀, bí ẹni tó jí tí kò ráyè ya irun. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu náà fẹ̀, ó wú, ó rí gẹ́lẹ́ bíi bàtà tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún àgbàlagbà ọkùnrin, ìkọ́ sì wà ní ṣónṣó rẹ̀. Ẹyẹ púpọ̀ ni kì í wo ènìyàn tààrà, ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò. Tòun kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò kọ ojú sí ọ gbọnrangandan, kò sì ní ṣẹ́jú. Ìyá àgbà kan tí mo fi ọkọ̀ gbé lọ wò ó rí ní ó dà bí ọ̀gá ilé-ìwé tó gbọ́ ariwo ní kíláàsì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé kùkùté igi ni. Jẹ́jẹ́ ní, "Má wo ẹyẹ. Omi tó ń wò ni kí o wò." A dúró. Oòrùn gùn, ọrùn ń dùn mí, ẹyẹ náà kò mira. Mo ní, "Ṣé kò kú báyìí?" Jẹ́jẹ́ ní, "Ó ní sùúrù jù ọ́ lọ ni." Lójijì, ẹyẹ náà wó. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́: ó wó lu omi pẹ̀lú orí, àyà àti ìyẹ́ apá, bí ìgbà tí àpótí ńlá já láti orí àjà. Nígbà tó dìde, koríko, ẹrẹ̀ àti ẹja àrọ̀ ńlá kan ló kún ẹnu rẹ̀. Ó rọra tẹ orí síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, koríko ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ẹja nìkan. Ó fi etí ẹnu rẹ̀ gé orí ẹja náà sọnù, ó sì gbé ìyókù mì. Lẹ́yìn náà ó mu omi, ó tún dúró bíi kùkùté.

Jẹ́jẹ́ mọ gbogbo ìṣe wọn. Ó ní akọ àti abo kì í fẹ́ fojú kan ara wọn níbi oúnjẹ, ọ̀kan á wà ní apá òkè, ọ̀kan á wà ní apá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lórí ìtẹ́, wọ́n á tẹrí ba fún ara wọn, wọ́n á sì máa kan ẹnu wọn pọ̀ ká-ká-ká-ká bí ẹni ń kan pákó. Ó ní bí ooru bá mú wọn, wọ́n máa ń yàgbẹ́ sára ẹsẹ̀ tiwọn kó lè tutù. Ìyẹn ló ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Ó ní ẹyin méjì ni wọ́n sábà ń yé, ṣùgbọ́n ọmọ kan ló máa ń yè. Bí oòrùn bá mú, ìyá rẹ̀ á dúró lé e lórí, á na ìyẹ́ apá láti ṣíji bò ó. Bí ìyẹn kò bá tó, á lọ bu omi sínú ẹnu rẹ̀ gbàǹgbà yẹn, á wá dà á lé ọmọ lórí. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹnu tí gbogbo ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, korobá ló jẹ́ fún ọmọ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí tàn ká, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n rán Alábòójútó kan wá, ọkùnrin tó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀tù lọ sínú ẹrẹ̀. Ó ri àwọn òpó funfun yí apá ibi tí ẹyẹ ń tẹ́ ìtẹ́ sí ká, ó ní ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá wọn ní àsìkò ọmọ. Ó gba àwọn apẹja láyè láti máa pẹja, ṣùgbọ́n àwọ̀n kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú òpó. Ó wá ní òun ń wá atukọ̀ tó máa gbé àlejò. Ó kọ́kọ́ ní kí Jẹ́jẹ́ wá. Jẹ́jẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, mi ò lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dọjọ́rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí lè ṣe é." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi wọlé, ìyàwó.

Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní parọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tí Jẹ́jẹ́ kọ́ mi ni mo ń tà fún àwọn àlejò bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mo gbọ́ ibi tí omi ń dún sí, mo mọ ibi tí ẹyẹ máa dúró, mo ń gbé àwọn èèyàn sún mọ́ ọn ju gbogbo atukọ̀ tó kù lọ. Wọ́n sọ mí ní Ojúkojú. Bí mọ́tò àlejò bá dé, wàá gbọ́ tí wọ́n á máa béèrè pé, "Ojúkojú dà? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní ká wá." Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ni àbàtà. Jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ọkọ̀ rẹ ń súnmọ́ òpó jù. Bó bá gbé orí sókè wò ọ́, ó ń sọ fún ọ pé ó tó." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹyẹ ti mọ̀ mí.

Ní àsìkò yẹn ni ìyàwó mi bí ọ, ọmọ mi. Ìyá rẹ kò fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn ju ẹja tútù lọ. Mo sọ fún Jẹ́jẹ́, ó sì gbé ọ̀kan nínú àwọ̀n rẹ̀ fún mi pé kí n máa dẹ ẹ́ bí mo bá ti gbé àlejò padà. Kò sí ẹni tí kò mọ àwọ̀n Jẹ́jẹ́. Sílípáàsì pupa tí èèyàn ti jù nù ló máa ń gé wẹ́wẹ́, tó ń so mọ́ etí rẹ̀ kó lè léfòó. Pupa nìkan ló ń lò. Ó ní òun lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó tirẹ̀ náà lóyún nígbà náà. Ìwọ ni oyún ọ̀hún, ìyàwó.

Ẹyẹ tẹ́ ìtẹ́ sí ọ̀nà tóóró kan ní ìkángun òpó funfun. Ọmọ kan ti jáde, ẹyin kejì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ayàwòrán kan àti aya rẹ̀ dé, pẹ̀lú kámẹ́rà tí ẹnu rẹ̀ gùn tó apá mi. Wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀kan rí, òjò lé wọn padà. Mo gbé wọn dé òpó, mo dá ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin náà wo inú kámẹ́rà, ó ní koríko dí òun lójú. Mo ní ibi tí òfin mọ nìyí. Aya rẹ̀ wò mí, kò tilẹ̀ bínú, ó kàn ní, "Ojúkojú ni wọ́n pè ọ́ fún wa. Àṣé orúkọ lásán ni." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló gbé mi kọjá òpó. Kò sí ẹni tó fún mi ní ohunkóhun. Ìgbéraga ni. Mo fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ọkọ̀ sì wọlé.

Ìyá ẹyẹ wà lórí ìtẹ́, ó na ìyẹ́ apá bo ọmọ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Mo rí i. Mo ń sún mọ́ ọn. Ó kan ẹnu rẹ̀, ká-ká-ká-ká. Mo ń sún mọ́ ọn. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó fò lọ díẹ̀, ó sì dúró nínú omi lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ ojú sí wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ́ dé ìtẹ́, àwa ni a wà lójú rẹ̀. Ayàwòrán ní, "Jẹ́ ká dúró, ó máa padà, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ yà." A dúró. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí iná. Ọmọ ẹyẹ náà kéré, ọrùn rẹ̀ kò tíì lè gbé orí rẹ̀ dúró dáadáa. Ó ya ẹnu, ọ̀fun rẹ̀ ń mì pìpìpì. Aya ayàwòrán ní, "Ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan báyìí?" Mo ní, "Rárá o, ó ti mọ́ wọn lára." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Èmi tí Jẹ́jẹ́ ti kọ́. Ìyá rẹ̀ bu omi, ó gbé e sẹ́nu, ó rìn wá díẹ̀, ó rí wa, ó dúró, omi ń kán láti ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà gbé orí lélẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ fún yín pé mi ò rí i. Mo rí i, mo sì tún dúró, torí pé ọkùnrin náà ń sọ pé, "Díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ lémi nìkan. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìyá ẹyẹ náà, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó ń bu omi. Á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́, á ki ẹnu bọ omi, á wá dà á lé ọmọ rẹ̀ lórí, á sì fi ìkọ́ ẹnu rẹ̀ sún un pẹ́pẹ́. Ọmọ náà ti gan. Eṣinṣin ti wà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún lọ bu omi. Mo jókòó sínú ọkọ̀. Ká ní mo sunkún, kí n yí ọkọ̀ padà, kí n lọ bá Alábòójútó, wọn ì bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé wọn ò ní pè mí ní Ojúkojú mọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo sì rí àwọ̀n Jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀.

Mo sọ fún ara mi pé omi lè gbé àwọ̀n lọ síbikíbi, pé kò sí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi, ọwọ́ mi sì ti ń ṣiṣẹ́ kí irọ́ náà tó parí. Mo gun ìtẹ́ náà. Ìyá ẹyẹ kò fò. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Mo gbé ọmọ rẹ̀, ó fúyẹ́ bí aṣọ. Mo lọ́ àwọ̀n mọ́ ọn lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ le kó lè dà bí ẹni pé ó jà títí ó fi kú, mo sì tẹ́ ìyókù àwọ̀n sí ìdí ìtẹ́, kí àwọn pupa yẹn lè hàn dáadáa. Ẹyin tó kù yí bọ́ sínú omi nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀. Mi ò wá a. Bí mo ṣe ń tukọ̀ lọ ni mo gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ká-ká-ká-ká, lẹ́yìn mi.

Mo lọ jíṣẹ́ fún Alábòójútó fúnra mi. Ó wọ bọ́ọ̀tù, ó lọ wò ó, ó padà, kò lè jẹun. Ní ọ̀sán, ó pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì. Yàrá kékeré ni, àwòrán àbàtà lára ògiri, bẹ́ǹṣì kan, tábìlì kan. Ó tẹ́ àwọ̀n náà sórí tábìlì, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ dúró níta lójú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀. Alábòójútó ní, "Àwọ̀n ta nìyí?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Tèmi ni, Ọ̀gá."

"Kí ló gbé e dé ibi ìtẹ́?"

Jẹ́jẹ́ kò tíì mọ̀. Ó yíjú sí mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun bá òun tan iná sí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo yá ọ̀rẹ́ mi yìí ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bóyá omi ló gbé e lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bá mi ṣàlàyé fún wọn."

Alábòójútó ní, "Ojúkojú, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, Ọ̀gá. Mi ò gba àwọ̀n kankan lọ́wọ́ rẹ̀." Mo tún fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Mo ní, "Ó máa ń sọ fún mi pé ìdí ìtẹ́ yẹn ni ẹja pọ̀ sí jù."

Ìyàwó, ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Ọmọ ẹyẹ kú nítorí ìgbéraga mi, mo sì fi àwọ̀n dè é nítorí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì yẹn, kò sí ohun tó fà á. Mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú pé bàbá rẹ kò ní dìde mọ́ ni. Ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀: àwọ̀n, ọkọ̀ mi, òpó, oòrùn àná. Ó mọ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó yíjú sí Alábòójútó, ó ní, "Ọ̀gá, níbo ni kí n kó ọkọ̀ mi sí?" Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ àbàtà mọ́ láéláé. Lójú fèrèsé, ìyá rẹ kàn ń wo àwọ̀n náà.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, "Àwọ̀n tí o fi pa ẹja tí mo jẹ níjẹta ńkọ́?" Mo ní kó pa ẹnu mọ́ nítorí ọmọ tó gbé lọ́wọ́. Ó pa á mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ ẹja tí mo bá gbé wálé mọ́. Ọmọ mi, o máa ń bi í nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló dé tí kì í jẹ ẹja. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó rí iṣẹ́ aláàárù níbi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo lọ wá a. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sẹ́nu. Mo bá a tó gbé àpò lé èjìká, eruku funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń wúkọ́. Mo na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn mí, eruku wà lára mi." A dúró. Mo ń retí kó bú mi, ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹyẹ yẹn ńkọ́? Ṣé ó tún ti yé?" Ìyàwó, àwọn ẹyẹ méjèèjì ti fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún náà, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n lọ. Mo ní, "Ó tún ti yé. Ọmọ rẹ̀ ti ń fò." Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì ń retí kí o lọ sọ ọ́ fúnra rẹ." Wọ́n pè é, ó padà sídìí iṣẹ́. Mo wọ mọ́tò padà wálé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu. Sìmẹ́ǹtì ló ba àyà rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, Ọlọ́run dárí jì mí, ni pé kò sí ẹni tó tún ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́.

Ọmọ mi wá mú ọ wálé, ó ní aránṣọ kan ni òun fẹ́ fẹ́. Bí mo ṣe rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, tí o wọlé láìjẹ́ kí ilẹ̀kùn dún, mo ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ kí o tó sọ ọ́. Mo ta kú. Mo ní mi ò lè fi ọmọ ẹni tó pa ẹyẹ ṣe aya ilé. Mo sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ rẹ. Ọkọ rẹ kò gbà fún mi, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. O wá kúnlẹ̀, o dúpẹ́ pé mo gbà ọ́ láìka ohun tí bàbá rẹ ṣe sí, mo wá mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ kò sọ òótọ́ fún ọ rí, mo sì ní kí o dìde, bí ẹni tó ṣoore. Láti ìgbà náà ni o ti ń fọ aṣọ mi. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ rẹ kò mọ nǹkan kan nípa bàbá ìyá wọn ju pé ó ti kú lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹyẹ ti padà sí apá òkè àbàtà, ẹ̀yin lẹ sì ń gbé àlejò lọ báyìí. Wọ́n á yìn yín. Ìyìn náà á dùn. Ọjọ́ kan á wà tí àlejò máa ní kí ẹ sún díẹ̀ sí i, ẹnu á sì tì yín láti sọ pé rárá. Ẹ sọ pé rárá. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ẹ nílò ẹlòmíràn tí ẹ máa tì í lé lórí. Ní ọ̀la, ẹ dé ọ́fíìsì, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ fún Alábòójútó tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, kí ó sì kéde rẹ̀ ní èbúté, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa gbọ́. Kí wọ́n sọ orúkọ mi tí bàbá mi sọ mí, kì í ṣe Ojúkojú. Orúkọ Jẹ́jẹ́ náà, kí wọ́n pè é pé pérépéré.

Ìyàwó, mo ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí o fún mi lónìí, tàbí kí n tó kú. Ó lè má ṣeé ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má tún bá bàbá rẹ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

O ti dìde. Ó dáa. Ọmọ mi, má di ọwọ́ rẹ̀ mú, má sì ní kó rántí pé ara mi kò yá. Jẹ́ kó kọjá. Dìde, kí o tẹ̀ lé e, kí o máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bó bá ní kí ẹ kó kúrò nínú ilé yìí lálẹ́ òní, gbé ẹrù rẹ̀ fún un. Mo lè dá sùn.